Àkànbí, Alábàárù Tó Dọ̀bálẹ̀ Tí Kò Dìde Mọ́

Yéè, Àkànbí! Bẹ́ẹ̀ lo ṣe lọ? Ó dìgbà kan ná o, alábàárù wa ní iléeṣẹ́ bísíkíìtì, Ìkẹjà.

Àwọn ará ibiṣẹ́ ní kí èmi Káyọ̀dé kọ ọ̀rọ̀ yìí, torí èmi ni mò ń tún ẹ̀rọ ṣe, èmi ni mo sì mọ ara rẹ jù. Èmi kì í sunkún lórí irin. Róbọ́ọ̀tì lo jẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Alábàárù, tí àwọn tó ń ṣe é kò ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Làmídì tó ń ṣọ́ sítóò wa tẹ́lẹ̀ kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ tó o ti ṣubú. Wọ́n ní àwọn ló pa ọ́. Nítorí tiwọn ni mo ṣe mú bírò.

Nígbà tí wọ́n tú ọ jáde nínú àpótí, ẹrù gbígbé nìkan lo mọ̀. Bí èèyàn bá ṣe nǹkan níwájú rẹ, ìwọ náà á ṣe é. Bí wọ́n ṣe dá irú yín nìyẹn. Ìyá Fúnmi tó ń di bísíkíìtì sínú páálí wò ọ́ tòkètilẹ̀, wọ́n ní, "Irú ọmọ wo ló ń rí àgbà tó kàn dúró gbagidi? Àbẹ́ẹ̀gì, ẹ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé jàre." Ni Bàbá Làmídì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bá na gbalaja sórí sìmẹ́ńtì tàwọn ti yúnífọ́ọ̀mù, kí o lè wo bí àyà ṣe ń kanlẹ̀. Àgbà ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ìwọ náà dọ̀bálẹ̀ tìwọ ti páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ, gbogbo bísíkíìtì inú rẹ̀ sì fọ́.

Láti ìgbà náà, àgbà kan ò kọjá lójú rẹ kí o má dọ̀bálẹ̀, kí o wá ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹrù dà?" Kódà àwọn oníbàárà tó ń wá láti Abúlé Ẹ̀gbá mọ ìkíni rẹ. O kò ṣòfófó rí, o kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí fáànù.

Àmọ́ orúnkún irú yín kì í ṣe orúnkún ìdọ̀bálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, epo ń jò lára rẹ̀, kò sì sí òmíràn tí a lè rà. Àwọn ọ̀gá ní bó bá tún kọṣẹ́, àwọn á tà ọ́ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin ní Agége. Mo fẹ́ yọ ìkíni yẹn kúrò lórí rẹ, ṣùgbọ́n ó ti wọnú gbogbo ohun tí a kọ́ ọ. Ẹni tó bá yọ ọ́ á yọ orúkọ àti ojú wa kúrò lórí rẹ pẹ̀lú. Bàbá Làmídì ní, "Rárá o. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ wá. Àwa àgbà la máa sá pamọ́."

Bí àwọn àgbà iléeṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọmọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ, Ìyá Fúnmi á kó sẹ́yìn ẹ̀rọ, Bàbá Làmídì á lúgọ sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun, ikùn wọn á sì yọ síta. Ọgbọ́n yẹn gbé ọ la ìgbà òjò kan já.

Lọ́jọ́ tí Bàbá Làmídì fẹ̀yìn tì, wọ́n ní àwọn ò lè lọ láì rí ọ. Wọ́n dúró lókèèrè lẹ́nu géètì, wọ́n nawọ́, wọ́n kígbe, "Àkànbí, dúró! Má dọ̀bálẹ̀ o, jọ̀ọ́!" O rọra gbé ẹrù kalẹ̀, o dọ̀bálẹ̀. Orúnkún rẹ kán, o kò dìde mọ́.

Bàbá Làmídì, ẹ gbọ́ mi. Ẹ ní ká ní ẹ kígbe jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ì bá gbọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Iná kékeré etí rẹ̀, èyí tó máa ń tàn bí àṣẹ bá ti wọlé, tàn lójú mi. Ó gbọ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó dúró, kò kọ̀ rí. Ọjọ́ yẹn nìkan ló ṣàìgbọràn, torí pé ó fẹ́ kí yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á.

Àkànbí, a ti nu epo ara rẹ nù. Ó dùn mí o. Sùn re, ọmọ wa.