Bí Mo Ṣe Kó Ìkòkò Kúrò Láàrin Àwọn Onítẹ́tẹ́

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nípa ayélujára. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Táíwò Road nílùú Ìlọrin, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta bátìrì ọkọ̀. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà méjì, àti pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà tí mo kọ ọ́ sí pé mo ń ṣe ìkànnì fún oníṣòwò. Irùngbọ̀n mi ò tíì kún, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti kún. Bí oníbàárà bá bi mí ní ìbéèrè kan, ìdáhùn mẹ́ta ni mo máa ń fún un, kí ó lè mọ̀ pé mo kàwé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ni oníbàárà mi àkọ́kọ́. Amọ̀kòkò ni, ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ìkànnì tí mo kọ́kọ́ ṣe fún un kò lẹ́wà rárá. Mo kàn ya àwòrán ìkòkò, mo sì kọ ohun tí Ìyá sọ síbẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́: ìsaasùn ọbẹ̀, àmù tí ń mú omi tutù, agbada tí a fi ń dín àkàrà, ìkòkò Ìlọrin tí kì í tètè fọ́. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ìkòkò Ìlọrin sínú ẹ̀rọ ìwákiri, tiwa ló máa ń kọ́kọ́ yọjú. Wọ́n ń pè láti Àbújá, wọ́n ń pè láti Ìbàdàn, Ìyá á sì máa fi ọwọ́ tó kún fún amọ̀ gba fóònù.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan lórí ìkànnì ṣíṣe. Ibẹ̀ ni ìkànnì tí mo ṣe fún Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí lójú. Mo tún ìkànnì ṣe, mo pa gbogbo ọ̀rọ̀ Ìyá rẹ́, mo fi Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá dípò rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí èmi gan-an ní láti ṣí ìwé atúmọ̀ kí n tó kọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ náà ìkòkò níbẹ̀ mọ́, kò sí Ìlọrin pàápàá. Iṣẹ́ ọnà àtayébáyé ilẹ̀ Áfíríkà ni mo pè é, lédè àwọn òyìnbó. Mo fi han Ìyá. Ó ní ó dára, ṣebí ọmọ òun ló ṣe é. Kò pé oṣù méjì, fóònù dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú gbogbo ọmọ Ìyá, kò sí ẹni tó gba iṣẹ́ náà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń kọ́ ọ. Wọ́n sì ti ń pe ìyàwó yìí sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe omi inú ọ̀rá. Ó ti sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé bí Iléyá bá dé tí oníbàárà ò padà, òun á lọ. Ìyá ò bá a jà. Ó kàn pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Bàbá mi, bí ìyàwó yìí bá lọ, èmi ni mo máa kẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Kí ló dé tí àwọn èèyàn wa ò pè mọ́?”

Ẹni tó jẹ̀bi kì í wá ara rẹ̀. Mo lọ ka ibi tí àwọn kan ti ń jiyàn lórí ayélujára, bóyá nọ́ńbà ojúlé tí ìkànnì ń gbé, èyí tí wọ́n ń pè ní áípì, lè mú kí ẹ̀rọ ìwákiri tì í sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló máa ń pín ojúlé kan lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó gbà wọ́n sílé, bí ayálégbé ṣe ń pín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo yẹ tiwa wò, mo sì rí i pé ìkànnì tẹ́tẹ́ mẹ́rin ló ń bá wa gbé. Inú mi dùn; mo ti rí ọ̀daràn. Ẹ má dá mi lẹ́bi jù. Nílùú wa, bí ọmọkùnrin bá ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹnìkan, kí wọ́n tó bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe, wọ́n á ti bi í ní agboolé tó ti wá, wọ́n á sì rán àgbà kan lọ wádìí irú èèyàn tó ń gbé ibẹ̀. Mo rò pé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń wádìí tirẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Ìyá, ó yọ ọwọ́ nínú amọ̀.

“Àsítágàfúrúlái. Àwọn onítẹ́tẹ́? Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá.”

“O sì ń wò mí bí mo ṣe ń kírun láàrin wọn. Kó wa kúrò níbẹ̀.”

Ìyàwó tó ń po amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbójú sókè. “Bọ̀dá, àwọn onítẹ́tẹ́ yìí, ṣé wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pè wá lójoojúmọ́?”

Mo ní kò lè yé e, pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni. Àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Mo gba ojúlé tí a ó máa dá gbé. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, fóònù ò dún, Iléyá sì ń sún mọ́lé. Mo fi ìbínú pe ilé-iṣẹ́ tó gbà wá sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù fara balẹ̀ gbọ́ mi tán.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ìwákiri ò bá aládùúgbò yín ṣọ̀tá. Àìmọye ìkànnì gidi ló ń pín ojúlé, tí wọ́n sì wà lókè. Kí lẹ kọ sí ojú ìwé yín?”

Mo kà á fún un, pẹ̀lú ohùn alákọ̀wé. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ ń tà gan-an?”

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ọjọ́ kejì ni mo gbé ìwé àti bírò lọ bá Ìyá, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ní kí ó tún dárúkọ ìkòkò rẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń sọ, mò ń kọ. Ìyàwó ń rán an létí èyí tó gbàgbé. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà sójú ìwé, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún un. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù sí Iléyá nígbà tí obìnrin kan pè láti Mínnà, tó ń béèrè bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta àmù. Ìyàwó ló gbé e. Ó béèrè iye tí wọ́n fẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì lọ bu amọ̀ sí i. Kò sọ pé òun ò lọ mọ́. Kò sí ẹni tó bi í.

Mo ti pa ṣọ́ọ̀bù yẹn tì tipẹ́. Ilé-ìwé ni mo ti ń kọ́ ọmọ báyìí. Ìkànnì ìkòkò ṣì ń dá gbé ojúlé rẹ̀, nítorí Ìyá kọ̀ jálẹ̀ láti padà sáàrin àwọn onítẹ́tẹ́, bí mo tilẹ̀ ṣàlàyé fún un tó pé wọn ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ìyàwó náà ti ní ọmọ iṣẹ́ méjì, bí mo bá sì yà síbẹ̀, yóò gbé àga fún mi, yóò ní kí n jókòó, kí n má sáà ti fọwọ́ kan ìkànnì wọn.

Nígbà kan, mo bẹ Ìyá pé kó má bínú nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo pa rẹ́. Ó wò mí bí ẹni pé ibà ń ṣe mí. “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ṣé mi ò lè tún un sọ ni?” Ó rọrùn fún un láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó wà níbẹ̀ láti tún un sọ. Èmi ni mo máa ń ronú ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní mo ti pẹ́ jù kí n tó gbé ìwé àti bírò padà lọ bá a.