Ẹni Tó Ń Bá Wa Mu Omi Kànga

Ìyá bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé bàbá àgbà, ọkọ wọn, ṣì ń bá wa mu omi kànga ilé wa l'Àpòmù. Bàbá fúnra wọn ló gbẹ́ kànga náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ní ká sin àwọn sí. Kò tíì pé ọdún kan tí a ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ́rìn-ín. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, mo ń kọ́ kẹ́místírì ọdún kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan n'Ìkirè.

Ẹ̀rọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí lábù wa, kò tóbi ju rédíò lọ. A ó po oògùn mọ́ omi nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìdọ̀tí kan tí ojú kì í rí bá wà níbẹ̀, omi á pọ́n, ẹ̀rọ á tan ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, á sì kọ iye rẹ̀ síta. Olùkọ́ ní kí kálukú bu omi ilé rẹ̀ wá.

Tàwọn yòókù pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Tèmi mọ́ gaara nígbà tí mo dà á. Bí mo ṣe ń wò ó, ó ń pọ́n, ó ń pọ́n sí i, àfi bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ kà á títí, kò rí i kà tán.

"Ṣáláńgá wà nítòsí kànga yín ni?" olùkọ́ bi mí.

"Rárá, sà. Ó jìnnà."

"Kí ló wá wà níbẹ̀?"

"Bàbá bàbá mi ni, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọwọ́ wà nílé yín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nílé, ìyá bàbá mi ló ń rọ ọ́ lómi láràárọ̀, ètè rẹ̀ sì ti ń dúdú bí ẹni fi aró kùn ún. Olùkọ́ ní ohun tí ẹ̀rọ rí yẹn kì í sábà ṣe àgbà ní nǹkan, ṣùgbọ́n tó bá wọnú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́, kì í jẹ́ kí èémí yí ara rẹ̀ ká. "Máa lọ sílé báyìí."

Nígbà tí mo dé, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ ìyá, omi ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. "Bísímílláhì," ni wọ́n wí. Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Ìyá, ẹ má fún un mọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ti wọnú omi. Òun ló ń gba èémí ọmọ."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ iléèwé wa ni."

Wọ́n da omi náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́. "Mo ṣebí omi nìkan ni bàbá yín ń mu ni. N ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀."

A gbé ọmọ lọ sí ọsibítù n'Ìkirè. Omi ibòmíràn ló ń mu látọjọ́ náà, ètè rẹ̀ sì pọ́n padà díẹ̀díẹ̀. A fi pákó bo kànga. Ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyá á ṣí pákó, wọ́n á bu ife kan, wọ́n á jókòó sétí sàréè, wọ́n á rọra mu ún.

"Èmi kì í ṣe ọmọ ọwọ́," ni wọ́n wí nígbà tí mo ní kí wọ́n má mu ún mọ́. Wọ́n na ìyókù sí mi. "Gbà. Bàbá ń béèrè rẹ."

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ṣé ìwọ ì bá gbà á?