Yàrá Fídíò Tó Fa Ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Fẹ́sítáàkì, ọkọ mi sọ pálọ̀ wa di sinimá. Ó ra tẹlifíṣàn ńlá, ó sì gbé sípíkà méjì tó ga dé àyà mi sí igun yàrá. Bí ìbọn bá dún nínú fíìmù, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n. Síbẹ̀ a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ketekete. Ohùn tó wúwo yẹn á kóra jọ sí igun, á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ mi á sì tún yí i sókè.

Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà àwa àti dírẹ́bà tírélà kan tó ń wakọ̀ lóru, tó sì ń sùn lọ́sàn-án. Ó kọ́kọ́ bẹ̀ wá. Nígbà tó yá, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri. Ọkọ mi ní, "Ilé mi ni mo wà."

Lọ́sàn-án Sátidé kan, dírẹ́bà náà fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn wa wọlé. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, sípánà táyà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọ́ tẹlifíṣàn. Ọkọ mi fò mọ́ ọn, ó fún un lọ́rùn. Mo sáré bọ́ sáàárín wọn.

Dírẹ́bà kígbe pé, "Àǹtí, ẹ kúrò lọ́nà!"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á!"

Dírẹ́bà ti gbé sípánà sókè. Ọkọ mi na apá láti gbà á dúró, mo sì gbọ́ tí egungun apá rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ. Ó fi ọwọ́ kejì he àfọ́ dígí, ó fi ya dírẹ́bà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì ṣèèṣì ya èmi náà lọ́rùn-ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lórí kápẹ́ẹ̀tì kí ìyàwó dírẹ́bà tó wọlé wá fa ọkọ rẹ̀ jáde.

Àwọn àgbà àdúgbò ló bá wa parí ẹjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ rédíò wá wo yàrá. Ó ní, "Igun yìí gan-an ló ń da ohùn rú." A kan fóòmù mọ́ ògiri kí ó lè fa ohùn mu. A gbé pákó dúró ní igun kọ̀ọ̀kan láti ilẹ̀ dé àjà, a ki òwú tìmùtìmù àtijọ́ sí àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀, a sì fi àpò ìdọ̀họ bò ó. Èmi ni mo rán àpò náà, báńdéèjì lọ́wọ́, inú sì ń bí mi sí àwọn ọkùnrin méjèèjì.

Nígbà tí a gbé tẹlifíṣàn mìíràn wọlé, ọ̀rọ̀ inú fíìmù já gaara. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ yí ohùn wálẹ̀. Mo lọ bi ìyàwó dírẹ́bà bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́ wa.

"Díẹ̀ báyìí ni, Àǹtí. Ọkọ mi ti ń rí oorun sùn."

Mo rò pé ó parí. Àfi bí àwọn ọkùnrin méjèèjì ṣe pàdé lórí àtẹ̀gùn, tí ọkọ mi tutọ́ sílẹ̀ níwájú dírẹ́bà. Wọ́n tún wọ̀yá ìjà, wọ́n yí gbirigbiri dé ìsàlẹ̀, eyín dírẹ́bà kán. Lọ́tẹ̀ yìí n kò là wọ́n. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ jókòó lókè, a ń wò wọ́n títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, dírẹ́bà àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí àdúgbò Ijegun-Egba. Apá ọkọ mi kò nà tán mọ́ títí ó fi kú.