Ọtí Ẹlẹ́rìndòdò Nínú Firísà Àbúrò Mi

Àbúrò mi obìnrin kú sínú yàrá ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́. Gáàsì tó fi ń tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ń jò lára àgbá, wọ́n sì ti kan fèrèsé pa. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ọkàn ta ni kò ní daṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀?

Àgbẹ̀ ni bàbá wa. Èmi bá a dúró sóko, àbúrò mi lọ ka ìwé tèmi mọ́ tirẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí ẹyin obìnrin ká nínú ikùn ló ń yẹ̀ wò. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń darí wọn bí wọ́n ṣe ń pèsè họ́mónù, èyí tó ń múra ilé ọmọ sílẹ̀ de oyún.

Mo bi í pé, "Ṣebí ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún wọn?"

"Òun ni, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n àṣẹ yẹn nìkan kò tó. Wọ́n tún ń fi èròjà amúdàgbà ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀kan á ní, 'Fi kún họ́mónù tí ò ń ṣe.' Òmíràn á ní, 'Rọra ná, kọ́kọ́ dàgbà.'"

"Wọ́n sì ń gbọ́?"

"Wọ́n ń gbọ́ràn jù yín lọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ẹ bá mi wò ó. Sẹ́ẹ̀lì tí kò létí ń gbọ́ ti aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wọn létí méjì, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti àbúrò mi. Àbúrò mi ké sí i títí pé àgbá ń jò, orí ń fọ́ òun, kí wọ́n ṣí fèrèsé. Ọ̀gá ní eruku á wọlé.

Ẹ kú iṣẹ́ o! Eruku kankan kò wọlé. Òkú ló jáde.

Wọ́n wá ṣe ìrántí fún un. Ọ̀gá nu ojú gbígbẹ, ó pè é ní òpó ilé iṣẹ́ wọn. Akọ̀wé ọ̀gá gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi.

"Ó tutù dáadáa, Bàbá. Inú firísà Àǹtí Sẹ́ẹ̀lì la ti mú un."

"Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Àwọn ìgò tíntìntín kan ni. Ọ̀gá ní ká dà wọ́n nù."

Àwọn sẹ́ẹ̀lì àbúrò mi ló wà nínú ìgò wọ̀nyẹn, gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ nìyẹn! Wọ́n dà á nù kí ọtí àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lè tutù.

Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn kankan fún mi. Ẹ mú ẹni tó ní kí wọ́n kan fèrèsé pa, àti ẹni tó gbọ́ pé àgbá ń jò tó dákẹ́, kí wọ́n lọ ṣàlàyé fún adájọ́. Bí ọ̀gá bá ṣì ń sọ pé ọkàn ló daṣẹ́ sílẹ̀, àgbá náà wà níbẹ̀, ó ṣì ń jò. Kó wọlé, kó jókòó ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Èmi á ti ilẹ̀kùn, màá dúró síta dè é. Bó bá kanlẹ̀kùn pé kí n ṣí i, màá sọ fún un pé eruku á wọlé.