Ohun Tí Bíọ́lá Gbé Kúrò ní Arlington

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin ni ó ti gbọ́ ọ. Lẹ́bàá ibi ìfọwọ́. Ariwo pápá ìṣeré ń wọlé láti ẹ̀yìn ògiri: ìpàtẹ́wọ́, ìró ẹsẹ̀, ohùn ẹni tó ń pe orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Bíọ́lá fi ìka di etí kejì kó tó lè gbọ́ ohun tí Bọ̀ọ̀dá Olúgbénga, àgbà ẹbí ọkọ rẹ̀ ní Houston, ń sọ nínú fóònù.

"Ìyá Lará, ṣé ọkọ rẹ wà nítòsí?"

"Rárá, sà. Wọ́n wà lórí ìjókòó."

"Ó dáa. Mú ọkàn le. Adébùnmí ti fi wá sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ní Iléṣà. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó lọ dùbúlẹ̀. Kò dìde mọ́."

Bíọ́lá di etí ibi ìfọwọ́ mú.

"Má jẹ́ kí ọkọ rẹ gbọ́. A kì í tú irú èyí fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ rọra padà sí Houston. Àwa àgbà á ti wà nílé yín kẹ́ ẹ tó dé. Àwa la máa sọ ọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Fọ ojú rẹ."

Ó fọ ojú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni Bíọ́lá. Wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dúró ti dókítà nígbà tí wọ́n bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀. Yàrá kékeré kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ó ti kú. Kì í ṣe pé ó ti lọ, kì í ṣe pé ó ti sinmi. Ó ti kú, láìfepo-bọyọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbọ́. Iṣẹ́ ni.

Ti ilé yàtọ̀. Nílé, àwọn àgbà ni wọ́n ń wá. Wọ́n á jókòó. Wọ́n á béèrè omi. Wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ iṣẹ́, títí ọkàn ẹni á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ kí ẹnu wọn tó sọ. Nígbà téèyàn bá wá ṣubú, ọwọ́ á ti wà nílẹ̀ láti gbà á.

Ó padà sórí ìjókòó. Akínṣọlá, ọkọ rẹ̀, ń bá fóònù sọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, Arlington la wà báyìí o! Pápá tó lórùlé, bí ilé! Ẹ̀rọ ń fẹ́ òtútù sí wa lára nínú oṣù keje! Mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́."

Àǹtí yẹn ni Adébùnmí. Ìyá wọn kú nígbà tí Akínṣọlá ṣì ń rákòrò. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni ó dàgbà sí. Láti gbogbo pápá tí wọ́n bá dé ni ó ti ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i, òun náà á sì fi yẹ̀yẹ́ dá a lóhùn. "Ṣọlá, àgbà ọkùnrin, ò ń wakọ̀ yí Amẹ́ríkà ká nítorí bọ́ọ̀lù tí kò tó àgbálùmọ̀! Ẹni tó bá fi igi lù ú pàápàá kì í dúró, ńṣe ló ń sá lọ bí olè. Kí ló jí?" Akínṣọlá á gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, á máa dá rẹ́rìn-ín.

Ẹnjiníà ni ní Deer Park, lẹ́bàá Houston, báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, omi tútù àti ẹ̀pà ló ń tà lórí àtẹ̀gùn pápá ìṣeré. Ẹ̀yìn ló ń kọ sí eré. Ojú àwọn òǹwòran ló fi ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pinnu pé òun á jókòó, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ òun, nínú gbogbo pápá bésìbọ́ọ̀lù tó wà ní Amẹ́ríkà. Díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún, nígbà ìsinmi. Ti ọdún yìí: Arlington, Kansas City, St. Louis.

"Wọn ò tíì gbọ́ ọ," ó ní, ó na fóònù sí Bíọ́lá. Àmì WhatsApp kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ ohùn tó fi ránṣẹ́. "Kí ló ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì Iléṣà?"

"Bóyá iná ni kò sí."

"Ojú rẹ pọ́n."

"Ata orí sọ́séèjì yẹn ni."

"Ata òyìnbó? Ìwọ tó ń jẹ rodo bí ẹni jẹ ọsàn!"

Lará, ọmọ wọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, rẹ́rìn-ín, gúgúrú ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ kejì. Ọ̀nà Oklahoma. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ọkọ̀ ẹrù lọ́tùn-ún lósì. Akínṣọlá fẹ́ràn àtimáa wakọ̀. Láti ilé wọn ní Katy dé ibi iṣẹ́ ní Deer Park lójoojúmọ́, orí freeway ló gbó sí. Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ so mọ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá pè é, orúkọ onítọ̀hún á yọ gàdàgbà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ohùn rẹ̀ á sì gba inú ọkọ̀ kan. Ẹnikẹ́ni. Àna kan ní Ìbàdàn tí kò mọ̀ pé wọ́n ń fi í pamọ́. Ọ̀rẹ́ ilé ìwé. Akínṣọlá, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí eré.

"Dádì Lará, ẹ jẹ́ kí n fi orin tèmi sí i."

"Àwọn orin tó ń múni tòògbé yẹn?"

"Ẹ má tòògbé."

Ó já fóònù ọkọ rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀, ó so tirẹ̀. Ó gbé ti ọkọ rẹ̀ sórí itan, ó pa ohùn rẹ̀. Fóònù náà ń gbọ̀n. Ó tún gbọ̀n. Nọ́ńbà Nàìjíríà. Ó tẹ̀ ẹ́ pa.

"Ta nìyẹn?"

"Àwọn oníṣọ́ránsì."

"Lọ́jọ́ Sunday?"

"Ṣé wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Akínṣọlá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gún Bíọ́lá lọ́kàn.

Ilé epo kan, ní ìta Wichita. Akínṣọlá wọlé lọ ra nǹkan ìpanu. Lará na fóònù tirẹ̀ síwájú láti ẹ̀yìn. Ọmọ ẹbí kan ní Èkó ló kọ̀wé sí i, ó ń bá a kẹ́dùn.

"Mommy. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹ ti mọ̀?"

"Láti Arlington."

Lará yí sí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ń sáré, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi ń parọ́ fún Daddy? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀.

"Ó ń wakọ̀, Lará."

"He's not driving now. He's buying chips."

Bíọ́lá wo inú ilé epo náà láti ojú gíláàsì. Ọkọ rẹ̀ dúró lọ́hùn-ún, ó gbé ọ̀rá ànàmọ́ díndín méjì sókè, ó ń fi ojú béèrè èyí tí wọ́n fẹ́. Bíọ́lá nàka sí ọ̀kan. Èyíkéyìí.

Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni bọ́ọ̀sì kan ní Third Ward, ní Houston, nígbà tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń ti kíláàsì bọ̀. Fóònù dún. Ojúlùmọ̀ kan láti Ìjẹ̀bú-Òde ni, ó rò pé Bíọ́lá ti gbọ́: "Ẹ kú ìsìnkú bàbá o." Bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bọ́ọ̀sì kò dúró. Ó gbé e kọjá apartment rẹ̀, ó gbé e dé ìparí ọ̀nà. Awakọ̀ yíjú, ó ní ibi tó parí sí nìyí. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

"Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ ní ilé epo," ó ní. "Ìyẹn nìkan. Nu ojú rẹ, ó ń bọ̀."

"Ṣé kí èmi náà máa parọ́?"

"Dákẹ́ lásán. Dídákẹ́ kì í ṣe irọ́."

"Mom. It kind of is."

Ilẹ̀kùn ṣí. "Ta ló pa ọmọ mi lẹ́kún?"

"Eruku Kansas ni, Daddy," Lará dáhùn.

Irọ́ náà yá a lẹ́nu. Ó yá ju bí Bíọ́lá ṣe fẹ́ lọ.

Ní Kansas City, omi ń tú sókè lẹ́yìn pápá, funfun, gíga. Akínṣọlá dìde dúró bí ọmọdé. Ó tún fi ohùn ránṣẹ́. "Àǹtí, omi! Wọ́n fi omi ṣe ẹ̀ṣọ́ sí pápá!" Àmì kan. Ó wò ó. Ó tún wò ó. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan kọjá odi, gbogbo èèyàn dìde, òun nìkan ló jókòó.

"Àǹtí kì í dákẹ́ báyìí. Jẹ́ kí n pe ọmọ wọn."

"Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá nílé. Ṣé ẹ fẹ́ ta gbogbo ilé jí ni?"

Ó ronú sí i. "Òótọ́ ni. Tí ilẹ̀ bá mọ́."

Bíọ́lá tún lọ síbi ìfọwọ́, ó pe Bọ̀ọ̀dá Olúgbénga kí wọ́n tètè kìlọ̀ fún ọmọ Àǹtí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ Àǹtí gbé fóònù ní Iléṣà. Akínṣọlá gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. Màmá ti lọ sórí òkè àdúrà, ọmọ náà ní. Wọn ò gbé fóònù dání.

"Kí ló ṣe ohùn rẹ?"

"Òtútù ni, Uncle."

"Ó dáa. Kí wọn tí wọ́n bá dé."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Òkè àdúrà. Pẹ̀lú orúnkún wọn yẹn."

Bíọ́lá ní wọ́n pe òun níbi iṣẹ́, pé èèyàn kò tó ní wọ́ọ̀dù, pé wọ́n á ní láti padà. Ó ti to àwíjàre sílẹ̀ nípa St. Louis, nípa ọdún tó ń bọ̀. Akínṣọlá kò jiyàn. Ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i.

"Ìwọ wà á."

Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ òun.

Kansas. Oklahoma. Texas. Fóònù rẹ̀ tún ti wà nínú báàgì Bíọ́lá, kò béèrè rẹ̀. Kò bú orin. Ó jókòó, ọwọ́ láàárín orúnkún, ó ń wo ọ̀nà. Wọ́n dúró jẹun, kò jẹ. Bíọ́lá fẹ́ kó béèrè. Ó ń gbàdúrà kó má béèrè.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n wọ àdúgbò wọn ní Katy. Bíọ́lá ti bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ sí òpópónà kejì. Wọ́n gbọ́. Àfi ẹnì kan tó pẹ́ dé. Ọkọ̀ rẹ̀ dábùú ẹnu gáréèjì, ìyá àgbà kan ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó wọ aṣọ dúdú.

"Dúró," Akínṣọlá ní. "Má tíì débẹ̀."

Bíọ́lá dá ọkọ̀ dúró níwájú ilé aládùúgbò.

"Sọ ọ́ fún mi."

"Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ló máa..."

"Mo mọ ohun tí Bọ̀ọ̀dá máa ti sọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń dákẹ́ torí ìwọ lò ń wakọ̀. Ọkọ̀ ti dúró báyìí. Sọ ọ́."

Bíọ́lá pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àǹtí Bùnmí ni. Wọ́n ti kú. Ọjọ́ Sátidé."

Lará tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó fi apá wé bàbá rẹ̀ lọ́rùn láti ẹ̀yìn. Akínṣọlá kò sunkún. Ojú rẹ̀ kàn dàgbà.

"Nígbà tí mò ń pariwo omi, omi," ó ní, "ìwọ ń wò mí."

"Mò ń wò yín."

Akínṣọlá ṣílẹ̀kùn, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Nínú pálọ̀, Bọ̀ọ̀dá Olúgbénga béèrè omi. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Wọ́n béèrè ọ̀nà. Akínṣọlá ń dáhùn, ẹ ṣeun sà, ọ̀nà dára sà. Kò sọ fún wọn pé òun ti gbọ́. Bíọ́lá ń pín omi, kò mọ̀ bóyá àánú òun ló ń ṣe ọkọ òun tàbí ó ń bínú sí òun. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá sọ ọ́ níkẹyìn, ìgbà náà ni igbe tó jáde. Ó ṣubú síwájú. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbà á.

Ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀.

"Ìyàwó rẹ gbìyànjú," Bọ̀ọ̀dá ní. "Láti Arlington ló ti ń gbé e. Kò jẹ́ kó já bọ́."

Akínṣọlá kò gbójú sókè. Omijé ṣì ń kán sí orúnkún rẹ̀.

"Mo mọ̀, sà," ó ní. "Láti ìgbà tá a ti wọlé ló ti wà lórí ìdúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó."

Lará sún láti fi àyè sílẹ̀. Bíọ́lá gbé àwo omi sílẹ̀.