Oje Ìbẹ́pẹ àti Eyín Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ilé wa ní Òkè-Ogbó, ẹran kì í rọ̀ bí ti ìsinsìnyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ adìyẹ inú fíríìsà, ẹ ò lè mọ ohun tí mò ń wí. Màlúù tó ti rìn rìn rìn kó tó dé Sábó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa ro ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni.

Ìyá bàbá mi ti Ìpetumodù wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Eyín wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí a bá bu ọbẹ̀ fún wọn, wọ́n á fa omi ara ẹran náà, wọ́n á sì gbé e fún èmi. Inú mi á dùn, ọmọ ọ̀kánjúwà! Àfi lọ́jọ́ kan tí wọ́n sọ fún bàbá mi pé, "Ọmọ mi, ó wù mí kí n tún jẹ ẹran kí n tó lọ." Àánú wọn ṣe mí.

Ìyá mi ti gbọ́ pé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ń mú ẹran rọ̀. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n dà á sórí ẹran nínú ìkòkò tó ti ń hó. Ẹran ò gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó yá yàrá nílé wa, tó ń lọ sí yunifásítì, wá kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú, omi híhó yẹn ló pa á."

"Ó pa kí ni?"

Ó ní nínú oje funfun ìbẹ́pẹ, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Iṣẹ́ kan ló mọ̀, kó máa tú ohun tó so ẹran pọ̀. Iṣu tàbí epo ò kàn án. Bó bá tú èyí tán, á bọ́ sórí òmíràn, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán síbẹ̀. Nínú fíríìjì, á máa ṣe ọ̀lẹ. Níbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, á yára. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti pọ̀ jù, ó bàjẹ́ nìyẹn, omi tútù ò lè jí i.

Ni ìyá mi bá fi oje pa ẹran lára láàárọ̀, wọ́n gbé e sítòsí àdògán, wọ́n lọ sọ́jà. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nígbà tí a fi sè é, ó ti di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ìyá àgbà ti àwo sẹ́yìn. "Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni? Ẹran ni mo ní mo fẹ́ jẹ!" Ìyá mi sunkún ní kíṣìnnì.

Nígbà tí wọ́n tún dán an wò, oje díẹ̀ ni wọ́n lò, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì dúró tì wọ́n. Bí a ti lọ ata tán, ẹran bọ́ sínú ìkòkò, kí ooru lè dá iṣẹ́ oje náà dúró. Ìyá àgbà fi ìwọ̀nba eyín tó kù gé e. Ó ṣagídí díẹ̀, ó já. Wọ́n dijú, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ, wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Bàbá mi sáré jáde kí àwa ọmọ má baà rí omijé wọn.

Lónìí, ìyẹ̀fun tó ń mú ẹran rọ̀ wà nínú ọ̀rá lọ́jà. Ìyá mi náà ti darúgbó, eyín wọn ti ń lọ. Láìpẹ́ yìí, mo bá ọmọ mi níbi tó ti fẹ́ da ẹran wọn sínú bùlẹ́ńdà. Ìtọ́jú ló pè é, n kò bá a jà. Mo kàn yọ wáyà bùlẹ́ńdà náà, mo ní kó lọ wá ìbẹ́pẹ wá, kó sì jókòó ti ẹran náà kó má baà rọ̀ jù. Ayé ti lajú, ó dáa bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó bá ṣì fẹ́ jẹ ẹran, ẹ jẹ́ kó rí nǹkan rún lẹ́nu.