Ewé Tí Wọn Kò Tíì Gé

Ohun gbogbo ló ní àyè tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ: òwú dúdú lókè, òwú funfun nísàlẹ̀, bọ́tìnnì nínú agolo. Ìbànújẹ́ rẹ̀ náà ní àyè tirẹ̀. Inú ọ̀rá kan lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà, ó so ẹnu rẹ̀ pinpin.

Gáùn aláwọ̀ ewé tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wọ̀ gbẹ̀yìn, kí àìsàn tó mú un lọ, ló wà nínú ọ̀rá náà. Láràárọ̀, ìyá rẹ̀ á tú u, á ki imú bọ̀ ọ́, á sì tún so ó kíá, bí ẹni tí ń ṣọ́ adìẹ kó má baà sá jáde. Òórùn ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀: òógùn, àti ìpara kan tó ń ta sánsán bí ọsàn.

Àwọn ọmọ kíláàsì olóògbé ń ṣe iṣẹ́ ọnà kan nígbà náà, aṣọ gbàgàdà tí wọn yóò fi bo ògiri gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wọn. Igi tí wọ́n ti gé lulẹ̀ ni wọ́n yà sí i, èéhù tuntun ń yọ lára kùkùté rẹ̀. Ara aṣọ ẹni tí wọ́n ti pàdánù ni wọ́n ti ń gé ewé kọ̀ọ̀kan: fìlà bàbá àgbà, aṣọ ìbora àbúrò, táì bàbá kan. Nígbà tí tíṣà wọn rí i pé wọn kò mọ abẹ́rẹ́ dì mú, ó bẹ Ìyá Aránṣọ kó wá kọ́ wọn. Òfin àkọ́kọ́ tó fún wọn, orin ni wọ́n sọ ọ́ dà: "Fọ̀ ọ́ kó o tó gé e! Aṣọ tí kò bá súnkì nínú omi, ara ògiri ni yóò ti súnkì, yóò sì dójú ti aránṣọ."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbé gáùn náà wá nínú ọ̀rá rẹ̀. Rédíò ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ọmọ rẹ̀ ni. Ẹnu tí kì í sinmi ló fún un lórúkọ yẹn.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e o," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Èmi fúnra mi ló máa gé e lọ́la. Ìṣẹ́tí rẹ̀ nìkan ni mo yọ̀ǹda."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Bí eṣinṣin bá bà lé e, a ó bi í léèrè ẹni tó rán an."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Aránṣọ kò tíì wọ kíláàsì tán tó fi rí gáùn náà lórí tábìlì. Wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó gún régé. Òórùn ọṣẹ ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, Mọ́mì," ni Rédíò dáhùn, inú rẹ̀ ń dùn. "Ọwọ́ ni mo fi fọ̀ ọ́, mi ò jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká máa..."

Ìyá Aránṣọ ti gbé aṣọ náà sójú, ó ń fa imú, ó ń wá abíyá, ó ń wá ọrùn. Ọṣẹ. Ọṣẹ nìkan. Ó jókòó sórí àga.

"Òórùn rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù fún mi nìyẹn."

Rédíò kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Ọwọ́ Ìyá Aránṣọ fẹ́ lọ sétí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò nà? Òfin tirẹ̀ ni ọmọ náà tẹ̀ lé. Ó ní kí wọ́n má gé e. Kò ní kí wọ́n má fọ̀ ọ́. Àti pé, láìpurọ́, òórùn náà ti ń dínkù láràárọ̀ tó ń tú ọ̀rá yẹn. Ó mọ̀, kò kàn fẹ́ gbà ni.

"Ìwọ náà gbóòórùn rẹ̀, kó o tó rì í sómi?"

Rédíò mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Mo fi bojú díẹ̀. Ìpara rẹ̀ yẹn, Mọ́mì. A máa ń sọ fún un pé ọlọ́sàn ti dé. Á ní ká wá san owó."

Ohùn kan jáde lẹ́nu Ìyá Aránṣọ, kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Kò gbọ́ nípa ọlọ́sàn yẹn rí.

Ó dìde, ó ká gáùn náà há abíyá, ó fi ọ̀rá sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Ewé wa ńkọ́, Mọ́mì?"

"Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àyè rẹ̀. Wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la, kó o tún sọ ti ọlọ́sàn yẹn fún mi. Bí mo bá gbọ́ ọ tán, bóyá ọwọ́ mi á lè di sísọ́ọ̀sì mú."